Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí CHM 101

B2 ni mo gbà nínú Kẹ́mísìrì ní WAEC, máàkì JAMB mi náà kò sì burú. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwọn tí èsì wọn jọ tèmi gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin tí ẹ mọ periodic table lórí, tí ẹ lè balance equation láìwo ìwé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín máa ń wá bá pé kí ẹ ṣàlàyé fún àwọn. Àwọn tí kò fẹ́ràn Kẹ́mísìrì rárá máa ń bẹ̀rù CHM 101, kọ́ọ̀sì Kẹ́mísìrì ti ọdún kìíní ní yunifásítì, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù yẹn ló sì máa ń kó wọn yọ. Àwa tí a rò pé a ti mọ̀ ọ́n ló máa ń gbé ṣánlẹ̀.

Microbiology ni mo lọ kà, ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún kìíní, kò sí ẹni tó wà lẹ́ka sáyẹ́ǹsì tí CHM 101 kò kàn. Àwa, àwọn oníṣègùn, àwọn apoògùn, àwọn ẹnjiníà, àwọn àgírìkì, gbogbo wa la jọ ń rọ́ wọ gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Bí kíláàsì bá jẹ́ aago mẹ́jọ, ẹni tó dé ní aago méje, ẹ̀yìn ló máa jókòó. Ẹni tó dé ní aago mẹ́jọ gangan, ojú fèrèsé ni yóò dúró sí, bírò lọ́wọ́, báàgì lọ́rùn. Maikirofóònù lè ṣiṣẹ́ lónìí kó má ṣiṣẹ́ lọ́la. Olùkọ́ á kọ nǹkan sójú pátákó, a ò ní rí i. Ẹni iwájú á ya á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, a ó sì gbà pé a ti lọ kíláàsì.

Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kò jọ ohun tí mo mọ̀. Ní sẹ́kọ́ńdírì, electron inú átọ́ọ̀mù máa ń yí káàkiri lórí òrùka, 2, 8, 8, 2, ọ̀rọ̀ ti parí. Níbí, wọ́n ní ká gbàgbé òrùka. Wọ́n gbé ìṣirò tí Schrödinger gbé jáde ní 1926 sójú pátákó, wọ́n ní quantum number (nọ́ńbà tó ń sọ ipò electron) mẹ́rin ló wà, n, l, mₗ àti mₛ, wọ́n ya àwòrán orbital (àyè tí electron ti ṣeé ṣe kó wà), èyí tó rí rọ́bọ́tọ́ àti èyí tó lórí méjì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò sì yé mi. Mo sọ fún ara mi pé kí n fara balẹ̀, calculation ń bọ̀ lẹ́yìn, ibẹ̀ ni máàkì mi wà.

Bí mo ṣe ń kàwé nígbà náà nìyí. Mo ra handout, mo ra ìwé past question tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mo sì ń kà wọ́n pọ̀. Bí mo bá rí ìbéèrè, n óò ṣí ẹ̀yìn ìwé wo ìdáhùn, n óò wo bí wọ́n ṣe ṣe é, n óò ní “ẹn-ẹ́n, ó ti yé mi,” n óò sì ṣí ojú ewé tó kàn. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ni mo fi kàwé mọ́jú báyìí. Bí iná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mò ń tàn. Ẹni tó bá rí mi lásìkò yẹn yóò sọ pé ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́. Ojú mi ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ mi kò ṣe nǹkan kan. Ìbéèrè tí mo fi bírò ṣe sórí ìwé òfìfo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìyọjú wo ìdáhùn, kò tó nǹkan.

Nítorí náà, ojú ìbéèrè ni mo mọ̀, n kò mọ inú rẹ̀. Bí mo bá ti rí “at s.t.p.”, ọwọ́ mi ti lọ sórí 22.4, ìyẹn iye dm³ tí mole kan gáàsì ń gbà ní temperature àti pressure tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n (mole ni ìdì tí a fi ń ka átọ́ọ̀mù àti molecule). Bí mo bá rí pH, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí òdìkejì rẹ̀, base, mo ti ń tẹ log. Èyí ló gbé mi kọjá ní WAEC àti JAMB, torí pé àwọn ìbéèrè ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ojú dà. (22.4 yẹn gan-an, ẹ ṣọ́ra fún un. Láti 1982 ni IUPAC, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣòfin Kẹ́mísìrì, ti yí pressure tí wọ́n ń lò fún s.t.p. padà láti 1 atm sí 1 bar, tó fi jẹ́ pé 22.7 dm³ ni mole kan gáàsì ń gbà níbẹ̀. Àwọn ìwé tiwa ṣì ń lo 22.4 pẹ̀lú 1 atm. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó há nọ́ńbà sórí láìmọ pressure tó so mọ́ ọn, ọjọ́ tó bá ṣí ìwé tí wọ́n tẹ̀ lókè òkun ni yóò dàrú.)

Ìdánwò àárín sáà ló kọ́kọ́ tú àṣírí mi. Wọ́n ní gáàsì kan wọn 0.22 g, ó gba àyè 246 cm³ ní 27°C, pressure rẹ̀ sì jẹ́ 380 mmHg. Gáàsì wo ni? Wọ́n to nitrogen, oxygen, carbon dioxide àti chlorine sílẹ̀ ká mú ọ̀kan. R, nọ́ńbà tí kì í yí padà nínú ìṣirò gáàsì, tí wọ́n fún wa ni 0.0821. Inú mi dùn. PV = nRT (pressure lọ́nà àyè jẹ́ iye mole lọ́nà R lọ́nà temperature), ta ni kò mọ̀ ọ́n? Mo kó gbogbo nọ́ńbà tí mo rí sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà: 380 lọ́nà 246, mo pín in sí 0.0821 lọ́nà 27. Ohun tí mo rí lé ní 42,000 mole.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ ná. 42,000 mole, nínú ohun tí kò wọn tó ìdámẹ́rin gíráàmù kan. Hydrogen ló fúyẹ́ jù nínú gbogbo gáàsì, síbẹ̀ 42,000 mole rẹ̀ yóò wọn ju kílò 80 lọ, ó ju èmi alára lọ. Ó yẹ kí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ já mi láyà. Kò já mi láyà rárá. Mo wò ó pé ohun tí mo rí kò bá èyíkéyìí mu nínú mẹ́rin tí wọ́n tò, mo sì mú oxygen, torí pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí oxygen ti jẹ́ ìdáhùn kẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò gùn. R tó jẹ́ 0.0821 kò mọ mmHg, kò mọ cm³, kò mọ Celsius. Atm, dm³ àti Kelvin ló mọ̀. 380 mmHg jẹ́ ìdajì 760, ìyẹn ni pé 0.5 atm ni. 246 cm³ jẹ́ 0.246 dm³. 27°C jẹ́ 300 K. Ẹ kó wọn sínú rẹ̀, ẹ ó rí 0.005 mole. Ẹ pín 0.22 g sí 0.005 mole, 44 g fún mole kan ló bọ́ sí. Carbon dioxide ni. Nígbà tí mo sì tún un ṣe ní yàrá, calculator tún kó mi sí ìjàǹbá. Mo tẹ 0.123 ÷ 0.0821 × 300, ó fún mi ní nǹkan bíi 449. Calculator kò ṣẹ̀. Mo ní kó pín, ó pín. Mo ní kó sọ ọ́ di púpọ̀, ó sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ti gbàgbé láti fi àkámọ́ ká 0.0821 × 300 mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló mọ ìṣirò yìí, tó jẹ́ pé àkámọ́ ló ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn.

Ṣé mo kọ́gbọ́n níbẹ̀? N kò kọ́gbọ́n. Mo ní ìdánwò àárín sáà ni, n óò sanwó rẹ̀ padà nínú ìdánwò ńlá. A jọ ń sọ ọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kàn ń fi ìyà jẹ ọmọ tuntun ni.

Láábù ni mo ti pàdé ẹni tó sọ òótọ́ fún wa. Bàbá technologist kan wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó ilẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí a ń ṣe titration, ìyẹn fífi burette (ọ̀pá gíláàsì onílà tó ní ẹ̀rọ nídìí) da ásíìdì sínú base díẹ̀díẹ̀ títí base náà á fi tán, ó dúró lẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi kan, ó wo tábìlì èsì rẹ̀: 24.37, 24.33, 24.36.

“Ìwọ, burette wo lo lò?”

Ọ̀rẹ́ mi nawọ́ sí i. “Èyí ni, sà.”

“Láti ìlà kan sí èkejì lára rẹ̀, èló ni?”

“0.1 ni, sà.”

“Ta ló wá bá ọ ka 37?”

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́. Bí ìlà bá jẹ́ 0.1 cm³, ohun tí ojú èèyàn lè mọ̀ ni pé omi wà lórí ìlà gan-an tàbí ó wà láàárín méjì, tó fi jẹ́ pé 24.30, 24.35 tàbí 24.40 ni èèyàn máa ń kọ. Ó ti jókòó ro èsì jọ látinú ara rẹ̀, torí pé ti òótọ́ kò bára mu. Bàbá fa bírò pupa kọjá lórí tábìlì náà, ó ní kó lọ fọ burette rẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wa ti mọ̀ pé èsì tí èèyàn hùmọ̀ máa ń fi ara rẹ̀ hàn.

Tèmi kì í ṣe àhùmọ̀, ṣùgbọ́n kò wúlò jù ú lọ. Ásíìdì tí mò ń dà látinú burette máa ń pọ̀ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ, kò sì sí méjì tó bára mu. Bàbá yẹn náà ló wò mí títí tó fi rí ibi tó ti ń yọ. Mo ti fi base ṣan conical flask, ìgò tí base máa wà nínú rẹ̀. Èrò mi ni pé ohunkóhun tó bá máa wọ inú nǹkan ni a fi ń ṣan án. Òótọ́ ni ti burette, torí pé bí omi bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, ẹ ti bomi la ásíìdì yín nìyẹn. Òótọ́ ni ti pipette, ọ̀pá tí a fi ń wọn base, pẹ̀lú. Ti conical flask yàtọ̀. 25 cm³ tí pipette bá wọ̀n sínú rẹ̀ ti gbé iye mole tirẹ̀ dání. Omi tó wà ní ìdí flask kò lè fi kún un, kò sì lè mú nínú rẹ̀ kúrò. Àmọ́ base tó bá lẹ̀ mọ́ ara flask ti di àfikún tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n. Omi lásán ni kí ẹ fi ṣan án.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ flask yìí. Mo ti ka ìtumọ̀ mole láìmọye ìgbà. Mo mọ 6.022 × 10²³ bí orúkọ mi. (Láti 2019 ni wọ́n ti so mole mọ́ nọ́ńbà kan pàtó, 6.02214076 × 10²³. Kó tó dìgbà náà, iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú 12 g carbon-12 ni wọ́n ń pè ní mole kan. Handout tí mo rà ṣì wà lórí ti àtijọ́.) Ṣùgbọ́n nídìí flask tó lómi yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé omi lè pọ̀ sí i, kí agbára solution náà sì dínkù, síbẹ̀ kí iye ohun tó wà nínú rẹ̀ má yí padà. Concentration, agbára yẹn, yàtọ̀, mole yàtọ̀. Mo ti ń lò wọ́n pa pọ̀ láti SS1 bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Níwọ̀n bí a ti wà ní láábù: ẹ yọ fúnẹ́ẹ̀lì kúrò lórí burette kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹ̀kán ásíìdì kan lè já sílẹ̀ láti ara rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Ẹ yẹ ẹnu ẹ̀rọ ìdí burette wò bóyá atẹ́gùn há síbẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ̀kán tó kẹ́yìn nínú pipette jáde. Wọ́n ti ro tirẹ̀ mọ́ ìwọ̀n náà nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹ má sì fẹnu fa nǹkan kan nínú láábù, ohun yòówù kí àwọn tó ṣáájú yín máa ṣe. Bí ẹ bá ń lo methyl orange, aró tó ń yí àwọ̀ padà nígbà tí base bá tán, àwọ̀ ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yẹ́lò ni ẹ̀ ń wá. Bó bá ti pọ́n, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Ẹ gbé ìwé funfun sábẹ́ flask kí ẹ lè rí i dáadáa.

Èsì jáde ní January 2022. F ni. N kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ náà. Mo rántí pé mo tún portal náà ṣí bí ẹni pé ó lè yí padà, mo sì rántí pé nígbà tí Màámi pè láti béèrè, mo ní wọn kò tíì gbé e jáde. Irọ́ yẹn le láti gbé ju F náà lọ, torí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè ni mo tún ní láti pa òmíràn mọ́ ọn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún mi ṣáájú ni bí F kan ṣe ń jẹ èèyàn. Unit (ìwọ̀n bí kọ́ọ̀sì ṣe tóbi tó) mẹ́ta ni CHM 101 ní ilé ẹ̀kọ́ tiwa nígbà náà. Ká ní èèyàn forúkọ sílẹ̀ fún unit 20, tó sì gba B, ìyẹn máàkì 4, nínú gbogbo ìyókù. 17 lọ́nà 4 jẹ́ 68. F kò ní máàkì kankan. Ẹ pín in sí 20, GPA (ìpíndọ́gba máàkì) 3.40 ni. Láìsí F yẹn, 4.00 ni ì bá jẹ́. Bí ẹ bá sì tún un ṣe tí ẹ gba A, èsì tuntun yóò wọlé ṣùgbọ́n F náà kò ní kúrò nínú ìṣirò, ó kéré tán lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ bi àwọn ará ọ́fíìsì yín bí tiyín ṣe rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, láti February 2022 títí wọ October. Mo padà sílé, mo sì jẹ́wọ́ fún Màámi. Wọn kò bínú tó bí mo ṣe rò. Wọ́n ní, “Ó dáa, bí o ti wà nílé yìí, máa kọ́ àbúrò rẹ, òun náà fẹ́ ṣe WAEC.” Ọmọ àbúrò wọn ni wọ́n ń wí, tó wà ní SS3 nígbà náà tó sì ń gbé lọ́dọ̀ wa.

Ìyà ni mo kọ́kọ́ pè é. Ní irọ̀lẹ́ kan, mo fún un ní ìbéèrè kan tí mo mọ̀ pé ó rọrùn: 4 g hydrogen àti 16 g oxygen wà nínú ike kan, wọ́n di omi, èwo ló máa kọ́kọ́ tán? Ó ní hydrogen ni, torí pé òun ló kéré jù. Mo ní rárá. Ó ní, “Kí ló dé, Bọ̀ọ̀dá? Mẹ́rin kò ha kéré sí mẹ́rìndínlógún?” Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, mo sì rí i pé ohun tí mo mọ̀ ni pé oxygen ni ìdáhùn. Ìdí rẹ̀ kò sí lẹ́nu mi.

A jókòó, a ṣe é pẹ̀lú suúrù. Mole kan gáàsì hydrogen jẹ́ 2 g, nítorí náà 4 g jẹ́ mole méjì. Mole kan oxygen jẹ́ 32 g, nítorí náà 16 g jẹ́ ìdajì mole. Equation ní mole méjì hydrogen ń fẹ́ mole kan oxygen. Ìdajì mole oxygen yóò gba mole kan hydrogen, oxygen sì tán. Omi tó jáde jẹ́ mole kan, 18 g. Hydrogen tó ṣẹ́ kù jẹ́ mole kan, 2 g. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ro 18 àti 2 pọ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, 20 ni. 4 àti 16 náà sì jẹ́ 20.” Èmi kò tíì ronú láti yẹ ìdáhùn mi wò báyẹn rí láyé mi. Èmi tí mo ti kọ́ conservation of mass láti SS1.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo ti ń lò ó láti yẹ ara mi wò: ohun tí n kò bá lè ṣàlàyé fún ọmọ SS3, n kò mọ̀ ọ́n. Ó máa ń dójú tì mí. 

Nígbà tí a wọlé padà, ẹ̀gbọ́n kan wà ní fellowship wa, ọmọ 400 level, tó máa ń ṣe tutorial lọ́fẹ̀ẹ́ ní alẹ́. Òun ló tún orí mi tò nípa calculation. Òfin rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kankan kò gbọdọ̀ dá dúró lórí ìwé láìsí unit ìwọ̀n rẹ̀ (gíráàmù, mole, dm³) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé ìlà tó kẹ́yìn. A ó kọ wọ́n, a ó pa àwọn tó bá ara wọn mu rẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, a ó wo ohun tó kù. Bó bá jẹ́ gíráàmù là ń wá tí ohun tó kù sì jẹ́ mole pín sí gíráàmù, a ti dojú rẹ̀ kọlẹ̀ nìyẹn, kò sídìí láti fọwọ́ kan calculator. Ó máa ń fa iṣẹ́ gùn lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó máa ń dín in kù.

Òfin rẹ̀ kejì: kó o tó tẹ calculator, sọ bí ìdáhùn ṣe máa tó. Ó kọ ìbéèrè kan sójú pátákó láti fi hàn wá: kí ni pH hydrochloric acid tí concentration rẹ̀ jẹ́ 10⁻⁸ mol/dm³? Gbogbo wa pariwo pé 8, bẹ́ẹ̀ pH tó bá ju 7 lọ, base ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ da ásíìdì sínú omi, ó wá di base?” Kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Omi fúnra rẹ̀ ní 10⁻⁷ mol/dm³ hydrogen ion (ohun tó ń mú nǹkan jẹ́ ásíìdì) tirẹ̀, ó sì ju ohun tí ásíìdì náà mú wá lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Èèyàn kò lè fojú fò ó. Bí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀ bó ṣe yẹ, pH jẹ́ nǹkan bíi 6.98, ó wà ní apá ásíìdì ní ìwọ̀nba tín-ín-rín. Òun náà ló yí ojú mi sí bó ṣe yẹ kí n máa lo past question: mo máa ń ṣe ìbéèrè náà tán, n óò wá yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, kí ásíìdì di weak acid, kí temperature lọ sókè, kí oxygen pọ̀ ju hydrogen, n óò tún un ṣe láìsí ìdáhùn níbì kankan tí mo lè yọjú wò.

Ti electron náà, ẹ̀gbọ́n yìí ló jẹ́ kó rọ̀ mí lọ́rùn. Mo ti há a sórí pé ionization energy, agbára tí a fi ń yọ electron kúrò lára átọ́ọ̀mù, máa ń pọ̀ sí i láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún periodic table. Nígbà náà, kí ló dé tí ti nitrogen fi jẹ́ 1402 kJ/mol, tí ti oxygen tó tẹ̀ lé e sì jábọ́ sí 1314? Ó ní ká wo bẹ́ẹ̀dì họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta bá wà tí èèyàn mẹ́ta dé, kálukú á gba tirẹ̀. Bí ẹnì kẹrin bá dé, ó di squatter, ó ní láti bá ẹnì kan sùn pọ̀, òun ló sì máa ń tètè kó jáde. Electron mẹ́ta ló wà ní 2p nitrogen, ìpele tó ní orbital mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orbital tirẹ̀. Ti oxygen jẹ́ mẹ́rin. Méjì wà pọ̀, wọ́n ń ti ara wọn, agbára tí a máa fi yọ ọ̀kan kúrò sì dínkù. Ẹni tó ti ṣe squatter rí kò ní gbàgbé rẹ̀. Wave function, ohun tó ń jáde látinú ìṣirò Schrödinger, kò tíì yé mi délẹ̀ títí dòní, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè fi ṣe iṣẹ́ ni mo mú.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà tó ràn mí lọ́wọ́. Mo dẹ́kun kíkàwé mọ́jú. Ohun tí mo bá kà ní aago mẹ́ta òru, òkùnkùn ló ń bá lọ. Mo máa ń ka orí tí wọ́n fẹ́ kọ́ wa kí n tó lọ, kódà bí kò bá yé mi, kí n lè mọ ibi tí mo ti máa tẹ́tí sílẹ̀ bí maikirofóònù bá tún dákẹ́. Mo sì ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ ibi tí mo ti ṣì í sí: “mo gbàgbé àkámọ́,” “mo fi Celsius sílẹ̀,” “mo lo atomic mass oxygen dípò ti O₂.” Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé yẹn ni mo kà jù. Nǹkan bíi mẹ́rin péré ló ń tún ara rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

B ni mo gbà lẹ́ẹ̀kejì. CHM 102 jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, organic (Kẹ́mísìrì carbon) ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nọ́ńbà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Àwọn tó fìdí rẹmi nínú CHM 101 máa ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀, kí ẹ má bàa sọ̀rètí nù kí ẹ tó débẹ̀.

Ẹ̀yin tí carryover, kọ́ọ̀sì tí ẹ fìdí rẹmi tí ẹ sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, ti wà lọ́rùn yín, ohun kan wà tó lè tún da nǹkan rú fún yín. Bí ẹ bá wọ 200 level, ó ṣeé ṣe kí kíláàsì CHM 101 bọ́ sí àkókò kan náà pẹ̀lú kọ́ọ̀sì yín tuntun. Tèmi bọ́ sórí kíláàsì genetics láàárọ̀ Tuesday. Mo bẹ ọmọ 100 level kan pé kó máa gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ fún mi, èmi náà sì ń bá a ṣe assignment Biology. Láábù kò ṣeé rán èèyàn sí, nítorí náà ẹ bẹ àwọn technologist láti gbé yín sí ẹgbẹ́ tó ń ṣe practical lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n máa ń gbà bí ẹ bá tètè wá. Ẹ fi CHM 101 ṣáájú nígbà tí ẹ bá ń forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, torí pé unit tí èèyàn lè mú ní sáà kan ní òpin, bí kò bá sì sí àyè, kọ́ọ̀sì tuntun ni kí ẹ yọ. Ẹ sì lọ rí level adviser yín kí wọ́n tó ti portal. Lẹ́yìn ìyẹn, fọ́ọ̀mù add and drop ló kù, wọ́n sì ń gbowó lé e lórí.